Ilẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Le

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Horácio Bettencourt jẹ́, ẹ wo ilẹ̀kùn ilé ẹ̀. Ibi tí ìṣó mẹ́ta tó, mẹ́sàn-án ló kàn sí i. Tó bá so okùn mọ́ ẹran lọ́rùn, ọ̀bẹ ni wọ́n máa fi tú u. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń fún wàrà lọ́mú màlúù ní San Amaro, ní àárín gbùngbùn Kalifóníà, ohun kan ṣoṣo tí ojú ẹ̀ ò sì lè gbà ni kí nǹkan tó yẹ kó le máa rọ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Àwọn èèyàn Horácio ní gbọ̀ngàn kan ní San Amaro, gbọ̀ngàn Ẹ̀mí Mímọ́. Erékùṣù Terceira, lábẹ́ Pọtogí, ni àwọn bàbá wọn ti wá, àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n sì gbé bọ̀ láti ọ̀hún. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á se ọbẹ̀ ẹran nínú ìkòkò tó tó wẹ ọmọ mẹ́ta, wọ́n á dà á lé búrẹ́dì lórí, wọ́n á fi ewé míńtì sí i. Sopas ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá wá ló máa jẹ, ọ̀fẹ́ ni, ì báà jẹ́ àlejò tó ṣìnà.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, dókítà la àyà Horácio, wọ́n tún ọkàn ẹ̀ ṣe. Ìyá ẹ̀, Màmá Glória, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́: "Bí ọmọ mi bá dìde níbí, ọwọ́ ara mi ni màá fi bu sopas fún gbogbo ìlú, nínú gbọ̀ngàn wa."

Horácio dìde. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n ti gbọ̀ngàn pa, torí wọ́n fẹ́ tún ilé ìdáná kọ́, kí wọ́n sì tún ọ̀dà ibi ìgbọ́kọ̀sí dà. Pẹ́ńtíkọ́sì dé, Pẹ́ńtíkọ́sì lọ, ilẹ̀kùn ò ṣí. Wọ́n ní kí Màmá lọ ṣe é nílé ìjẹun iléèwé.

"Ṣé iléèwé ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún?" ni ìyá wí. Ọ̀rọ̀ parí.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Horácio ń gbọ́ ọ nídìí kọfí: "Horácio, ọdún mélòó lo rò pé mo ṣì ní? N ò fẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè ní ẹnubodè ọ̀run, kí n máa wá sọ̀rọ̀ ọ̀dà ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Òfin kan wà nílẹ̀ ní ìlú náà. Ẹni tó bá tú ilẹ̀ ọlọ́dà tó fẹ̀, tó fẹ́ tún un ṣe, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi òjò ṣàn kúrò lórí ẹ̀ tààrà sínú odò mọ́. Ọ́ìlì tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀, ìyẹ̀fun táyà, àjókù sìgá, gbogbo ẹ̀ ni òjò ń kó lọ fún ẹja jẹ. Nítorí náà, wàá gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá da yanrìn pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ sínú ẹ̀, wàá gbin koríko sí i. Ibẹ̀ ni omi á gbà, ilẹ̀ á sẹ́ ẹ bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì, ìdọ̀tí á kù sókè, omi tó mọ́ á gba ìsàlẹ̀ lọ sódò. Ọgbà òjò ni wọ́n ń pè é. Bí ọgbà òjò ò bá mumi, òṣìṣẹ́ ìlú ò ní fọwọ́ síwèé. Bí kò bá fọwọ́ síwèé, gbọ̀ngàn ò ní ṣí.

Kọngílá tó ń jẹ́ Brannigan parí ọgbà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àjọ̀dún, ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Horácio lọ wò ó.

Ó fi ọ̀pá ẹ̀ gún ilẹ̀ náà. Ọ̀pá wọlé wọ̀ọ̀, títí dé ibi tó dì í mú.

"Háà," ni Horácio wí. "Ṣé iṣẹ́ nìyí?"

Ẹ má bá a wí. Lágbègbè yẹn, tí àgbàdo màlúù bá tó kó, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tewé tigi, wọ́n á kó o jọ bí òkè, katakata á sì máa gorí ẹ̀ lọ, á máa gorí ẹ̀ bọ̀, títí atẹ́gùn kankan ò fi ní ṣẹ́kù nínú ẹ̀. Bí kò bá le, á jẹrà, màlúù ò sì ní rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ bíi Horácio. Ẹyin adìẹ já bọ́ lórí òkè àgbàdo ẹ̀ nígbà kan, ẹyin fọ́, àgbàdo ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ló bá lọ gbé katakata. Kì í ṣe kékeré o, èyí ńlá, tó ní táyà mẹ́jọ. Ó rọra ń gba àárín koríko, kò pa ẹyọ kan, ó tẹ ilẹ̀ náà fún wákàtí méjì, ó ń súfèé. Nígbà tó ṣe tán, ó tún fi ọ̀pá gún un. Ọ̀pá ta padà, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ gbá a nímú.

Inú ẹ̀ dùn. Kò sọ fún ẹnì kankan. Oore tí èèyàn bá pariwo ẹ̀, ó ní ó ti di ìpolówó.

Ọjọ́ Túsídeè ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ni òṣìṣẹ́ ìlú dé. Ravneet Dhaliwal lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, bàbá ẹ̀ ló ń wa tírélà, gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n. Ó wọ bàtà òjò, ó gbé ọ̀pá kan tí wọ́n fi ìlà pupa sàmì sí dání. Ọkọ̀ tó gbé tánkì omi tẹ̀ lé e.

Deolinda, ẹ̀gbọ́n Horácio obìnrin, lalága gbọ̀ngàn. Ohùn obìnrin yìí lè ṣí ọtí láìlo ìṣígo.

"Ọmọ Dhaliwal! Káàbọ̀! Jókòó, wá jẹ búrẹ́dì aládùn."

"Ẹ ṣé mà. Ibi iṣẹ́ wa ò gbà á. N ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí mo wá yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò."

"Búrẹ́dì lásán?"

"Búrẹ́dì lásán ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mà."

Ọkọ̀ tú omi sílẹ̀. Omi ṣàn lórí ọ̀dà tuntun, ó gba ojú ihò etí títì wọnú ọgbà, ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ravneet ri ọ̀pá ẹ̀ mọ́lẹ̀, àfi kó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dúró. Ó wo aago.

"Wákàtí kan àti díẹ̀," ló wí, "ó yẹ kó ti gbẹ."

Gbogbo wọn dúró. Horácio wà níbẹ̀, àti Gualter Ormonde, àti Eduíno Toste, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì, àgbà onímàlúù bíi tiẹ̀. Màmá Glória jókòó sórí àga lábẹ́ òjìji, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Ìdajì wákàtí kọjá. Omi wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Wákàtí kan kọjá. Ìlà kan kò yọ lára ọ̀pá. Pẹ́pẹ́yẹ méjì fò wá láti ibì kan, wọ́n balẹ̀ sójú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni tó sanwó.

"Ó kéré tán, àlejò ti ń dé," ni Gualter wí.

"Gualter, pa ẹnu ẹ mọ́," ni Deolinda wí.

Wákàtí kejì pé. Ravneet bẹ̀rẹ̀, ó fi ṣọ́bìrì kékeré gún ẹ̀bá ọgbà náà. Ó dún kan-an! Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin àgbà, ilẹ̀ yìí le bíi títì. Ṣé nǹkan kan gorí ẹ̀ ni?"

Horácio ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

"Bó bá wà báyìí," ni Ravneet wí jẹ́ẹ́jẹ́, "n ò lè fọwọ́ síwèé. Omi tó bá dúró ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ̀fọn ló máa bímọ síbẹ̀. Òjò míì tó bá sì dé, á kọjá lórí ẹ̀, á gbé ọ́ìlì lọ sódò. Ẹ má bínú."

"Kí ni ọmọ yẹn wí?" ni Màmá Glória bèèrè.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lóye. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá, ó kó o sórí itan. Horácio rí i. Ó dà bíi pé ẹnì kan tún la àyà ẹ̀, láìfún un ní abẹ́rẹ́ oorun.

"Brannigan ni!" Deolinda ti yọ fóònù. "Amọ̀ ló kó fún wa, ó ní yanrìn ni! Olè! Màá bú u títí àwọn òkú ilé wọn á fi jí bèèrè pé kí ló dé!"

Ó ti ń tẹ nọ́ńbà. Horácio wo ìka ẹ̀ lórí fóònù. Brannigan ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ nítorí òun, òun ló fi táyà mẹ́jọ tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ha lè wá jẹ́ kí wọ́n fi olè lé ọmọ ọlọ́mọ lórí?

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"O fi kí ni tẹ̀ ẹ́?"

"Katakata."

"Katakata wo?"

"Èyí ńlá."

Deolinda la ẹnu. Nínú ọgọ́ta ọdún ó lé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i tó la ẹnu tí ohùn ò jáde. Kó tó rí ohùn ẹ̀, Gualter wúkọ́.

"Kì í ṣe òun nìkan," ni Gualter wí. Ó ń wo bàtà ẹ̀. "Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo fa ìrólà irin kọjá níbẹ̀. Ìgbà mẹ́rin. Kíá ló le, mo wá rò pé mo mọṣẹ́ gan-an ni."

"Gualter!"

"Ó rọ̀ jù lójú mi, Deolinda! Ojú ń tì mí fún wa!"

Ni Eduíno bá bọ́ fìlà. "Màlúù tèmi ò ju mẹ́rìnlá lọ," ló wí.

Gbogbo orí yí sí i.

"Àwọn ọ̀dọ́ ni," ó yára fi kún un. "Wọn ò wúwo. Ní Terceira, ẹsẹ̀ màlúù ni bàbá mi àgbà fi ń tẹ ilẹ̀ ìpakà. Mo kàn kó wọn rìn kọjá. Lọ àti bọ̀."

"Mo sọ!" Ohùn Deolinda ti padà. "Mo ti ń rò ó pé ajílẹ̀ Brannigan yẹn tutù jù!"

Ravneet di ojú. "Bàbá Eduíno, ìgbẹ́ màlúù nínú ọgbà tó yẹ kó fọ omi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn sókè mọ́. Ẹ kàn kó gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Èmi náà wà níbẹ̀," ni ohùn kan wí láti abẹ́ òjìji.

"Màmá?"

"Mo gbin míńtì tí mo máa fi sí sopas. Ẹ̀yìn koríko gíga yẹn ló wà. Mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ẹ̀ dáadáa." Màmá Glória gbé àgbọ̀n sókè. "Bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan nìyẹn."

Ravneet kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n rò pé inú ló ń bí i. Àfìgbà tí wọ́n rí i tí èjìká ẹ̀ ń mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí etí títì. Gualter náà bú sẹ́rìn-ín, Eduíno tẹ̀ lé e, Deolinda gbá Horácio lẹ́yìn orí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lára pẹ́pẹ́yẹ náà dá sí i.

Horácio ò lè rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi," ló wí fún Ravneet, "ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Ravneet nu ojú. "Kò bàjẹ́, bàbá. Ẹ fa omi yìí kúrò, ẹ tú ilẹ̀ náà, kó jìn tó apá èèyàn kan. Fọ́ọ̀kì oko ni kí ẹ lò. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí ẹsẹ̀. Orí pákó ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́. Míńtì yẹn náà, ìkòkò òdòdó ni kó lọ, màmá, omi ọlọ́ìlì ni ọgbà yìí fẹ́ máa mu. Ní Fúráìdé, aago mẹ́wàá, mo ti dé."

"Kò sí ẹsẹ̀ rárá?"

"Kò sí ẹsẹ̀."

"Ti màlúù ńkọ́?" ni Eduíno bèèrè.

"Pàápàá jù lọ, ti màlúù."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú u. Wẹ́sídeè, èèyàn mẹ́wàá ló wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ màlúù mẹ́rìnlá ti dé gbogbo ìlú, èèyàn ogójì ló wá ní Tọ́sídeè, ìdajì wọn wá fi Eduíno ṣẹ̀sín. Àwọn ọkùnrin tó lè gbé ọmọ màlúù lọ́wọ́ kan ń rìn lórí pákó bí ológbò lórí ògiri. Deolinda dúró ní etí ọgbà pẹ̀lú síbí ìrokà tí wọ́n fi ń ro ìkòkò ńlá. Ẹsẹ̀ tó bá yẹ̀, síbí á bá a.

Gbígbẹ́ ilẹ̀ ò ni Horácio lára. Fífi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó gbẹ́ ẹ tán ló ni ín lára. Ilẹ̀ náà wú sókè, ó fẹ́lẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ òun.

"Kò tọ́," ó ń kùn. "Kò tọ́ lójú mi."

Màmá Glória pè é wá sídìí àga. Búrẹ́dì ló ń gé sílẹ̀ de ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Horácio, kí ló dé tí búrẹ́dì wa fi ń mu ọbẹ̀?"

"Torí pé inú ẹ̀ fúyẹ́, Màmá."

"Tó bá le ńkọ́?"

"Ọbẹ̀ á dúró lókè."

"Ẹn-ẹ́n." Ìyá gé òmíràn. "Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin lo ti ń jẹ ẹ́."

Horácio padà lọ sórí pákó, kò sì kùn mọ́.

Fúráìdé, aago mẹ́wàá, ọkọ̀ tú omi sílẹ̀. Ogójì èèyàn tò yí ọgbà ká. Omi wọlé, ó gòkè, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Ravneet ò lu ọ̀pá ẹ̀ rárá. Ó wọlẹ̀ fúnra ẹ̀.

Horácio fi ojú mọ́ ìlà pupa tó wà lókè pátápátá. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà náà yọ, ó tutù, ó ń dán.

"Ó ń lọ," ni Gualter sọ wúyẹ́.

"Má bá a sọ̀rọ̀!" ni Deolinda wí, òun náà wúyẹ́. "Jẹ́ kó máa mu."

Ìlà kejì yọ. Ìkẹta. Afẹ́fẹ́ ń ti inú ilẹ̀ jáde, ó ń hó kútúkútú bí ọmọ tó ń mu wàrà. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ọjọ́sí tún dé, wọ́n fò yí ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n balẹ̀. Wọ́n bà sórí ilẹ̀ tútù. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo Ravneet bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n bínú lọ.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún, omi tán. Ravneet tẹ ìwé mọ́ orí ọkọ̀, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí Deolinda.

"Ẹ ṣí gbọ̀ngàn yín, mà."

Horácio jókòó sórí etí títì. Èémí tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ Túsídeè jáde lẹ́ẹ̀kan, ó gùn bí ìtàn. Omijé ń dà lójú Deolinda.

"Àlùbọ́sà ni," ló wí.

"Àlùbọ́sà wo?"

"Èyí tí mo máa gé ní Sọ́ńdè. Kí ló kàn ẹ́?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Màmá Glória dúró nídìí ìkòkò. Ó kọ̀, kò jókòó. Ọbẹ̀ kan ò kán sílẹ̀. Abọ́ àkọ́kọ́, Horácio ló bu ún fún. Ó kàn fọwọ́ kan àyà ẹ̀, níbi tí wọ́n ti rán an, ó ní, "Ó tán. Ó kúrò lọ́rùn mi. Kúrò níwájú mi, èrò pọ̀ lẹ́yìn ẹ."

Ravneet dé pẹ̀lú bàbá ẹ̀, kò wọ bàtà òjò.

"Mà, ṣé mo lè jẹ búrẹ́dì yẹn báyìí?"

"Ọmọ Dhaliwal," ni Deolinda wí, "gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́ lónìí, tó fi mọ́ ọ̀tá mi. A mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ẹran màlúù, a ti gé búrẹ́dì aládùn sọ́tọ̀ fún yín. Jókòó!"

Wọ́n ṣì wà nídìí oúnjẹ nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta sórí páànù. Òjò. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, lágbègbè tí òjò ti máa ń dágbére láti oṣù Kẹrin! Ibòmíràn, èèyàn á sá wọlé. Àwọn èèyàn San Amaro sá jáde, tàwotàwo, wọ́n lọ tò yí ọgbà òjò ká. Omi ń gba orí ọ̀dà bọ̀, ó ń dán pẹ̀lú ọ́ìlì, ó gba ojú ihò wọlé, ilẹ̀ ń gbé e mì.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń mu ún!" Eduíno ń pariwo bí ẹni pé ẹṣin òun ló ń sáré. "Ẹ wò ó!"

Horácio dúró ní etí rẹ̀ gan-an, òjò ń kán sínú sopas ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tí ara òun ń ṣe. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, lẹ́bàá koríko, tó wú sókè díẹ̀ ju ìyókù lọ. Kékeré báyìí ni. Kò sì ní ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún rọra gbéra nílẹ̀.

Pàá! Síbí ìrokà bá a lójúgun.

"Horácio!"

"N ò ṣe nǹkan kan!"

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ padà síbi tó ti wá," ni Màmá Glória wí, ó sì na síbí tó já gbà lọ́wọ́ Deolinda padà sí i, ó ní kó lọ bu sí i fún àwọn èrò.